Ìkúnlẹ̀ Tí Mi Ò Dá Padà

Nígbà tí mo kéré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín iwájú, orúnkún mi kì í mọ́. Bí màmá mi bá fi kànrìnkàn àti ọṣẹ bó o ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kó tó di ọ̀sán Sọ́ńdè ó ti tún dúdú bí ìdí ìkòkò. Kì í ṣe eré ni mo fi ń bà á jẹ́ o. Ìkíni ni. Èmi, bàbá mi àti màmá mi nìkan la jẹ́ Yorùbá nínú gbogbo ilé alájà mẹ́rin tí a ń gbé ní Barnfield Estate, ní Woolwich, nígbà náà, ṣùgbọ́n màmá mi ti ṣòfin pé Lọ́ńdọ̀nù la wà, a ò sọnù. Àgbà yòówù tí mo bá pàdé lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí i. Kò sì sọ pé kí n kọ́kọ́ wo àwọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní tí ẹ ń fi “hiya” kí mi láti inú mọ́tò, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹ̀yin ò rí ohun tójú mi rí. Bàbá òyìnbó kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wa rò pé bọ́tìnnì aṣọ mi ló já bọ́, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro rẹ̀, ó ń bá mi wá a. Obìnrin kan gbé mi dìde, ó gbọn yẹ̀rì mi nù, ó ní kí n máa wolẹ̀ dáadáa tí mo bá ń rìn. Gbogbo wọn ló máa ń béèrè pé kí ni mò ń wá. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀ náà a sì máa rí mi. Orúkọ tí wọ́n sọ mí nítorí orúnkún yẹn, mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí ẹ má baà gbé e dé ilé ọkọ yín.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bi mí pé kí ni mò ń wá. Obìnrin ará Japan ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló kẹ́yìn lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Òyìnbó ni ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Ọkọ náà wà lára àwọn sójà tí wọ́n kó lọ ṣọ́ Japan lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ogun àgbáyé, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Wọn ò bímọ. Ilé ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń rán kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì fún ilé iṣẹ́ kan, ìró máṣíìnì rẹ̀ kì í dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, iṣẹ́ wọ́ọ̀dù sì máa ń dá a dúró di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ń fi ọ̀sán ṣiṣẹ́, ó ń fi ìrọ̀lẹ́ lọ sí iléèwé. Ni màmá mi bá mú mi lọ bẹ obìnrin náà pé kó máa bá wa wò mí tí mo bá ti iléèwé dé. Mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó wo orúnkún mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ sì kún fómi. Ó ní òun gbà.

Lọ́jọ́ kejì, mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó ní kí n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ ọ, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Good afternoon, Auntie.” Kí n tó gbójú sókè, Auntie ti kúnlẹ̀ síwájú mi lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀, ó ń tẹrí ba fún mi! Ẹ sáà mọ ohun tí wọ́n kọ́ wa: àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún ọmọ, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tó le, tàbí ohun mìíràn tí a kì í sọ lójú ọmọ. Mo ronú pé bí òun bá ti kúnlẹ̀, ó yẹ kí èmi lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. Ó rí i pé mo ti lọ sílẹ̀ ju òun lọ, òun náà tún tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Báyìí la wà, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, títí ọkọ rẹ̀ fi gbé tíì jáde láti ilé ìdáná, tó béèrè pé kí ló bọ́ sábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rín pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, ó kúnlẹ̀. Mi ò sọ fún màmá mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ máa di ariwo.

Ẹ wò ó, mo fẹ́ràn ilé yẹn. Á se ìrẹsì tó lẹ̀ mọ́ra, á fi iyọ̀ sọ́wọ́, á bù ú rọ róbótó, á gbé e fún mi kí n máa fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Nílé òyìnbó wo ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ jẹun? Á jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, á máa sọ ìtàn ìlú rẹ̀ fún mi. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ, tirẹ̀ ò já gaara, tèmi náà ò tíì gún, bóyá ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́ra wa yé.

Ó ní nígbà tí òun wà níléèwé, wọ́n fi àwòrán ọba sínú ilé kékeré kan nítòsí géètì. Ọlọ́run ni wọ́n sọ pé ọba náà jẹ́. Ọmọ tó bá kọjá láàárọ̀ tí kò tẹrí ba dáadáa, tíṣà á fi pàṣán kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ṣẹ́gun wọn. Ọba sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mẹ̀kúnnù máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Èdè rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi yé Auntie, ẹkún àwọn àgbà ló fi mọ̀ pé ogun ti parí. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọba fúnra rẹ̀ kéde pé ènìyàn ni òun. Tíṣà onípàṣán yẹn kan náà ló wọ kíláàsì, tó ní kí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì àti yíńkì, kí wọ́n kun ìwé wọn láti ìlà báyìí dé ìlà báyìí, kó dúdú kirikiri, kí ẹnikẹ́ni má lè kà á mọ́. Àwọn ìlà tí wọ́n ti torí rẹ̀ nà án kó tó mọ̀ ọ́n sórí ni. Ó ní ìlà tó dúdú kọ́ ló dun òun, bí kò ṣe pé tíṣà náà ò lanu sọ pé ẹ má bínú.

Àwọn sójà Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso wọn nígbà náà, òfin tuntun sì ń hù bí olú. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìlú pé Japan ò ní jagun mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n Auntie ọkùnrin ò ti ogun bọ̀, nítorí náà òfin yẹn nìkan ló mọ̀ sórí láìsí ẹni tó nà án. Obìnrin dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní màmá òun wọ aṣọ kan ṣoṣo tó kù nínú àpótí, torí wọ́n ti fi ìyókù gba ọ̀dùnkún lọ́wọ́ àgbẹ̀ nígbà ìyàn. Ó lọ, ó dìbò, ó dé, ó gbé ìkòkò kaná bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, ṣùgbọ́n orin ń ti imú rẹ̀ jáde.

Bàbá rẹ̀ àgbà ní oko ìrẹsì tó pọ̀, àwọn mìíràn ló sì ń dá a, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ìjọba tuntun gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tà á fún àwọn tó ń dáko níbẹ̀. Ọ̀kan wà nínú àwọn àgbẹ̀ náà tó jẹ́ pé ẹnu géètì ló ti máa ń tẹrí ba wọlé. Lọ́jọ́ kan, òun àti bàbá àgbà pàdé lójú ọ̀nà oko tóóró, Auntie sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà. Ọkùnrin náà dúró ṣánṣán. Bàbá àgbà wò ó títí, ó ṣí fìlà, òun ló kọ́kọ́ tẹrí ba. Ara ọkùnrin náà ò gbà á, òun náà tẹrí ba, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Auntie ní ọjọ́ yẹn lòun mọ̀ pé ìtẹríba tí wọn ò fi pàṣán gbà lọ́wọ́ ènìyàn ló dùn jù.

Ìtàn tó sọ gbẹ̀yìn ni ti bàbá rẹ̀. Nígbà tí Auntie dàgbà, ó ń fọ aṣọ fún àwọn sójà òyìnbó, ibẹ̀ ló ti rí ọkọ rẹ̀. Òfin tuntun ní ọkùnrin àti obìnrin tó fẹ́ra nìkan ló ní ìpinnu, kì í ṣe baálé ilé. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní òfin lè yí padà láàárín àárọ̀ sí alẹ́, ọkàn òun ò lè yí padà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà láti dágbére. Bàbá kọjú sí ògiri. Ó kúnlẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú, bàbá kò yíjú. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún òun láyé yìí, ọmọdé ni, àgbà ni, kò ní kúnlẹ̀ lásán. Ó dé Woolwich, ó lo ọdún tó lé ní mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún un, àfi ìgbà tí ọmọ dúdú kan tí orúnkún rẹ̀ dọ̀tí tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wọlé. Àbúrò rẹ̀ a máa kọ lẹ́tà sí i láti ilé, pé àwọn ti ń jókòó lórí àga, àwọn ti ra tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọ̀dọ́ ti ya sígboro lọ pariwo lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin nítorí àdéhùn tí ìjọba ń bá Amẹ́ríkà ṣe, ìkúnlẹ̀ kíni ò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ mọ́. Á ka lẹ́tà náà tán, á ká a, á ní, “Ilé tí mò ń rántí ò sí níbẹ̀ mọ́.” Mi ò mọ ohun tó ń sọ nígbà náà. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí dáadáa.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi tètè dé láti ibi iṣẹ́. Auntie ti ṣílẹ̀kùn fún mi, kò sì tíì tì í padà. Màmá mi yọjú, ó bá obìnrin tó tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, orí nílẹ̀, níwájú ọmọ rẹ̀. Kí ẹ má baà dá màmá mi lẹ́bi jù, ọmọ méjì ló ti sin kó tó bí mi. Igbe tó ké, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

“Ah! Madam, what is this? Ọmọ mi lẹ ń kúnlẹ̀ fún? Ṣé ẹ fẹ́ kó kú ni? Ìwọ, oyá, wọ shoe ẹ!”

Auntie dìde, ó ń wo ẹnu rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan nínú Yorùbá tó sọ. Màmá mi ti fà mí lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, bàbá mi bẹ̀ ẹ́.

“Ó lè jẹ́ pé custom wọn ni o. Ẹ jẹ́ ká bi í ná. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.”

“Daddy, ẹ gbé custom yẹn tì jàre! Tí kì í bá ṣe nǹkan burúkú, a jẹ́ pé ó ń fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.”

Wọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní ṣé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ o. Èmi ni mo mọ ìdí rẹ̀. Èmi nìkan, nínú gbogbo Barnfield, ni Auntie sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún. Gbólóhùn méjì péré ni ìbá parí ìjà náà. Ṣùgbọ́n mo ti fi í pa mọ́ fún wọn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ń wo bẹ́líìtì tó so mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo ní rárá, mi ò mọ̀, ọjọ́ yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo ṣe pàdánù Auntie mi nìyẹn. Wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin mìíràn ní àdúgbò Glyndon, tó máa ń fún wa ní bisikíìtì, tí kì í sì í bá wa sọ̀rọ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun ní Thamesmead. Ẹ̀yin ò lè mọ bí ó ti rí nígbà náà, kọnkéré funfun, adágún omi, òórùn ọ̀dà tuntun, ẹ̀fúùfù láti odò. Inú màmá mi dùn bí ẹni tó kọ́lé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ń kó lọ, ọkọ̀ ẹrù dúró nísàlẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì mi pé yí i ká, wọ́n ń wo àwọn àpótí wa. A gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, torí ìparí rẹ̀ ni àtẹ̀gùn wà. Ilẹ̀kùn Auntie wà ní ṣíṣí. Ó ti wọ aṣọ ilẹ̀ wọn tí mi ò rí lára rẹ̀ rí, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, ọwọ́ méjèèjì nílẹ̀, orí nílẹ̀.

Màmá mi di ọwọ́ mi mú ṣinṣin. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ọwọ́ màmá mi kọ́ ló dá mi dúró. Mo wo ìsàlẹ̀, mo rí àwọn ọmọ yẹn tí wọ́n gbójú sókè, tí ọ̀kan ti ń fọwọ́ gbá orúnkún rẹ̀ láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ òyìnbó, mo jù ú, mo ní “Bye-bye.” Orí Auntie ṣì wà nílẹ̀. Kò lè rí ọwọ́ tí mo jù. Ìró bàtà mi ló gbọ́, tó ń kọjá lọ láìdúró. Mo di bàbá rẹ̀ tó kọjú sí ògiri.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo jẹ́wọ́ fún màmá mi. Ó ní, “O ò sì sọ fún mi.” Ní Sátidé, ó mú àdìrẹ tuntun kan nínú àpótí rẹ̀, ó ní kí a lọ fi bẹ Auntie. Àwọn mìíràn ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Wọ́n ní tọkọtaya náà ti kó lọ sí ìlú kan létí òkun, kò sẹ́ni tó mọ àdírẹ́sì wọn. Màmá mi gbé àdìrẹ náà padà wálé. Kò rán an títí ó fi kú. Ó wà nínú àpótí mi.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò fi pàṣán kọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín ní ìkúnlẹ̀, torí mo ti gbọ́ ibi tí ìyẹn máa ń já sí. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ ń juwọ́ láti inú mọ́tò, ojú yín ti wà lórí fóònù. Ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ yín á fi ya kọ́nà. Àárò ẹnì kan ló ń sọ mí. Ó ń sọ mí gan-an ni, kò fi mí sílẹ̀ rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dá wọ bọ́ọ̀sì, ó gba Nathan Way kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ ní Woolwich, mo gun òkè lọ sí Barnfield. Mo fi ọwọ́ di irin àtẹ̀gùn mú, mo ń sinmi. Lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ti dá nìkan jẹ́ Yorùbá, òórùn ọbẹ̀ ata ń jáde láti ojú fèrèsé kan, pásítọ̀ ń fi Yorùbá gbàdúrà lórí fóònù ẹnì kan nínú ilé kejì. Mo dé ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo di férémù mú, orúnkún mi ń ké, mo sì lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí mo fi kúnlẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe é, mo tẹrí ba.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà, báàgì wà léjìká rẹ̀.

“Jésù! Mummy! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi!”

Kó tó sọ̀rọ̀ tán, òun náà ti ju báàgì sílẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ gbì sórí kọnkéré níwájú mi, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ń yí lọ sẹ́bàá ògiri. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni. Kò lè dúró kí àgbà wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí i, lójú ilẹ̀kùn yẹn gan-an, orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ ju tèmi lọ. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá a jáde.

“Mummy, ẹ má sunkún. Kí lẹ ń wá?”

“Mi ò wá nǹkan kan, ọmọ mi. Ẹnì kan kúnlẹ̀ fún mi níbí nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò dá a lóhùn. Mo wá dá a padà ni.”

Ó wò mí. Mo rí i pé kò yé e tán, ṣùgbọ́n kò bi mí sí i.

“Okay, Mummy. Ẹ ti dá a padà. Ilẹ̀ yìí tutù, ẹ jẹ́ ká jọ dìde.”

A di ara wa mú, a jọ dìde. Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọn orúnkún mi nù. Mo wolẹ̀, mo rí i pé ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn títí mo fi délé.